Ìwé Tí A Fi Ka Ìlú, Ọwọ́ Ta Ló Yẹ Kó Wà?

Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì máa ń kọ̀wé sí mi, wọ́n á ní kí n sọ iṣẹ́ tí àwọn lè fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà àti ìṣirò ṣe fún ìlú tí wọ́n bá gbé wọn lọ láti sin ilẹ̀ baba wọn. Àwọn kan ti mọ Excel dunjú, àwọn kan ti kọ́ Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, àwọn mìíràn mọ bí a ti ń ya máàpù lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn ló sì dá lójú pé ìwífún ni àwọn abúlé wa ṣaláìní. Ìdáhùn mi kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ wọn. Ìwífún kò wọ́n ní abúlé rárá. Àwọn onífọ́ọ̀mù ti wá, wọ́n ti lọ, àwọn mìíràn sì tún ń bọ̀. Ohun tí ó wọ́n ni àkọsílẹ̀ tí ó kù sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí a kà, tí wọ́n lè gbé lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ láti fi béèrè ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn.

Ètò ìsìnlú tí a mọ̀ sí NYSC ti fi àyè sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ó ti pẹ́. Ní ọdún 1973, nígbà tí ogun abẹ́lé ti parí láti ọdún 1970, ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon gbé òfin rẹ̀ jáde, kí àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé lè lọ gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn, kí wọ́n sì ṣe wọ́n láǹfààní. Yàtọ̀ sí ibi iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé agùnbánirọ̀ lọ, ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CDS. Bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń lo ọjọ́ yìí kò pa mọ́: wọn á gbá ọjà, wọn á ya fọ́tò nínú káàkí, wọn á fọwọ́ sí ìwé, wọn á sì padà sílé. Ọjà gbígbá kò burú, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń gbá ọjà wọn kí a tó dé, wọn yóò sì máa gbá a nìṣó lẹ́yìn wa. Àwọn ohun mìíràn wà tí apá wọn kò ká, tí ẹni tí ó bá ní fóònù, tí ó mọ ìṣirò, tí ó sì ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún odidi ọdún kan, lè bá wọn ṣe.

Ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni èmi ti sìn. Ní ọjọ́ CDS, ẹgbẹ́ wa gba fọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ omi. Ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2018 pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà, nítorí náà kò yà wá lẹ́nu pé wọ́n fẹ́ kí a ka bọ́hòlù. Wọ́n ní kí a rìn yí ìlú náà àti àwọn abúlé rẹ̀ ká, kí a fi fóònù mú ojú ibi tí bọ́hòlù kọ̀ọ̀kan wà, kí a sì dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo tí ó jẹ wọ́n lógún jù lọ: ṣé ó ń ṣiṣẹ́, àbí kò ṣiṣẹ́?

Kí a tó kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, a kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ̀rọ̀ wa tán, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ̀yin kọ́pà, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ ka kànga. Ṣé kì í ṣe pé bí ẹ bá ka kànga lónìí, ẹ ó wá ka èèyàn lọ́la?” Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò rò pé ìbẹ̀rù àgbà lásán ni. Àwọn baba wa sọ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìdí mìíràn lẹ́yìn èèwọ̀, nítorí pé nígbà ìjọba amúnisìn, bí aláṣẹ bá ti ka èèyàn, owó orí ló máa ń tẹ̀lé e. Ní ọdún 1929, kíkà tí aṣojú ìjọba kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka obìnrin àti ẹran ọ̀sìn ní Oloko, ní ilẹ̀ Ìgbò, ló dá ogun àwọn obìnrin Aba sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ti ka ọkùnrin rí, owó orí sì ti jáde níbẹ̀. Nílẹ̀ tiwa, ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ̀kòyà dìde sí owó orí, wọ́n ní òkè mẹ́fà péré, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn kò tíì di ìtàn àtẹnudẹ́nu. Òun ni bàbá tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó ń wo agùnbánirọ̀ àti fóònù ọwọ́ rẹ̀.

Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ lójú tiwa pàápàá kò mú ọkàn ẹni balẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tí ó ń ka àwọn ọmọ Nàìjíríà sọ pé èèyàn 9,013,534 ló wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n ìjọba Èkó tí ó ṣe kíkà tirẹ̀ ní àwọn rí ju mílíọ̀nù mẹ́tàdínlógún lọ. Ọdún kan náà ni, ìlú kan náà ni, ìyàtọ̀ àárín wọn sì ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ. Wọ́n tún fẹ́ kà ní ọdún 2023, wọ́n sún un síwájú. Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ kejì ìkànìyàn ti 2006 ti dàgbà tó ẹni tí ń dìbò, láìjẹ́ pé ìjọba ti kà á rí. Lórí irú iye bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń pín owó, tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ilé ìwòsàn yẹ kó wà àti iye olùkọ́ tí ó yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ ní. Nígbà tí bàbá baálẹ̀ béèrè pé ta ni kíkà náà wà fún, ìbéèrè tí ó ṣòro jù lọ nínú iṣẹ́ dátà, ìyẹn iṣẹ́ kíkó ìwífún jọ, ni wọ́n béèrè yẹn.

A ṣàdéhùn pẹ̀lú wọn pé ẹ̀dà gbogbo ohun tí a bá kọ yóò kù sí ààfin àti sọ́dọ̀ Ìyálọ́jà kí ó tó kúrò nílùú. Àdéhùn yìí ló ṣílẹ̀kùn.

Ẹnu àwọn obìnrin tí wọ́n ń pọnmi ni a ti mọ̀ pé ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù náà kò wúlò tó. Mo dúró níwájú bọ́hòlù kan tí omi ń já wààrà láti ẹnu rẹ̀, mo ti fẹ́ tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” nígbà tí ìyá kan gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ó ń ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọṣẹ hó, ẹ̀wà kì í sì jinná nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹran la fi ń fún mu.” Òmíràn wà tí ó dára gan-an láti oṣù kẹfà títí di oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ lásán ni pọ́ǹpù rẹ̀ ń fà. Òmíràn tún wà nínú ọgbà olóṣèlú kan, tuntun ni, kò bàjẹ́, wọ́n ti fi ṣíṣí rẹ̀ ya fọ́tò. Kìkì pé àgádágodo wà lẹ́nu géètì, tí ìbò bá sì ti kọjá, àgádágodo náà kì í ṣí mọ́. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni fọ́ọ̀mù yóò kọ sílẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó jókòó sí Ìbàdàn tàbí Abuja yóò wo àkójọ náà, yóò rí i pé ìlú yìí kò ṣaláìní omi, yóò sì gbé owó lọ síbòmíràn, kò sì ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

A gba àyè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n rán wa, a fi ìbéèrè kún fọ́ọ̀mù náà, àwọn obìnrin ni wọ́n sì bá wa to ìbéèrè ọ̀hún: oṣù wo ló máa ń gbẹ, kí ni ẹ ń fi omi rẹ̀ ṣe, èló ni wọ́n ń gbà lórí kẹ́ẹ̀gì kan, bí ó bá bàjẹ́ ta ló ń tún un ṣe, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ti ṣe iṣẹ́ dátà lóríṣiríṣi láti ìgbà náà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí ó lágbára ju fóònù tí mo lò nígbà yẹn lọ fíìfíì, n kò tíì rí ìbéèrè tí ó tú àṣírí bíi ti kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Ohun kejì tí kíkà náà fi hàn ni àwọn gàá Fúlàní tí wọ́n wà lẹ́yìn ìlú. Obìnrin tí ó ń bá ilé ìwòsàn alábọ́dé gbé àjẹsára kiri ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo àdúgbò wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a fi ìwé rẹ̀ wé máàpù wa, a rí gàá tí èèyàn ti ń gbé láti ìran bàbá-ńlá, tí kò sí nínú tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dìídì fò wọ́n. Àkọsílẹ̀ náà ni wọ́n ti ń dà kọ láti orí ìwé kan sí òmíràn, ẹni tí kò bá sì sí nínú ti àkọ́kọ́, kò sí bí yóò ṣe wọ inú ti ìkejì. Irú rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ lókè ọya nígbà tí wọ́n ń gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Àwọn máàpù tí wọ́n fi ọwọ́ yà fún àwọn tí ń fún ọmọdé ní àjẹsára ti fo ọ̀pọ̀ abúlé, àwòrán láti ojú sátẹ́láìtì ni wọ́n sì fi rí wọn, kí wọ́n tó máa rán èèyàn lọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé rọpárọsẹ̀ àbáláyé ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn obìnrin tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ilé ni wọ́n ni ọpẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kì bá tí mọ ilé tó kù bí kò bá sí ẹni tí ó ya máàpù náà lọ́tun.

Nígbà tí ọdún mi ń parí lọ, a tẹ máàpù náà sórí bébà ńlá, a sì kọ orúkọ àwọn àdúgbò bí àwọn onílé ti ń pè wọ́n. Ọ̀kan lọ sí ààfin, ọ̀kan lọ sí ìsọ̀ Ìyálọ́jà, ìkẹta lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú gbé e lọ bá ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n tún lára àwọn pọ́ǹpù náà ṣe, wọn kò tíì tún àwọn mìíràn ṣe. Èmi kò ka èyí sí iṣẹ́ ìyanu. Ohun tí ó yí padà ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú kì í tún ṣe “omi ń yọ wá lẹ́nu” lásán, ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè fi “a ti gbọ́” dá lóhùn. Wọ́n ń dárúkọ bọ́hòlù, wọ́n ń dárúkọ oṣù, wọ́n sì ń béèrè ìgbà tí wọ́n yóò rán ẹni tí ń tún pọ́ǹpù ṣe wá.

Àmọ́ ṣá o, máàpù lè bu èèyàn jẹ. Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà jiyàn jù, nítorí wọ́n gbà pé kí gbogbo nǹkan wà ní gbangba dára ní gbogbo ìgbà. Ẹ wo Makoko ní Èkó, níbi tí àwọn Ègùn apẹja àti àwọn mìíràn ti kọ́lé sórí omi ọ̀sà, tí gbogbo ẹni tí ó ń gba orí afárá Third Mainland kọjá ń rí wọn lójoojúmọ́, síbẹ̀ tí ó jẹ́ pé omi lásán ni ọ̀pọ̀ máàpù ń fi hàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2012, ìjọba ìpínlẹ̀ fún wọn ní wákàtí 72 kí wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé. Láti ọdún 2019 ni Code for Africa, ẹgbẹ́ kan tí ń fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ran ará ìlú lọ́wọ́, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Makoko fúnra wọn, tí obìnrin wà lára wọn, ní bí a ti ń fi ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a ń pè ní dúróònù ya àwòrán ojú omi àti ilé, tí wọ́n sì gbé ohun tí wọ́n yà sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè fi ọwọ́ kún. Iṣẹ́ tí ó wú mi lórí ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ fi ilé ìwòsàn sí Makoko nílò máàpù, ẹni tí ó fẹ́ wó Makoko náà nílò rẹ̀.

Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe àròsọ. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Maroko, àdúgbò kan ní Èkó, nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èèyàn ló sì di aláìnílé. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé nǹkan bí 30,000 èèyàn kúrò ní Otodo Gbame lẹ́bàá Lekki. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé lílé èèyàn kúrò nílé láìfún wọn ní ibòmíràn tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Àwọn ará àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò aláìnírọ̀rùn, tí àwọn amòfin Justice and Empowerment Initiatives ń tì lẹ́yìn, tí wọ́n ń ka ilé ara wọn, tí wọ́n ń kọ ìtàn ìgbà tí wọ́n tẹ̀dó, iye ìdílé àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí ìjọba bá sọ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ bí kò ṣe ọmọ ìta, ìwé wà tí yóò fèsì. Nínú èyí ni mo ti rí ìdáhùn sí àríyànjiyàn wa: a kò lè dènà kí ọ̀tá máa rí ilé tí ó wà lójú ọ̀run gbangba, sátẹ́láìtì ti rí i tẹ́lẹ̀. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí àwọn onílé ní tiwọn lọ́wọ́ kí ọ̀tá tó dé, kí ó sì jẹ́ àwọn ni yóò pinnu ohun tí yóò wà lórí rẹ̀.

Ó ní ohun tí kò gbọdọ̀ sí lórí máàpù láéláé. Ilé tí ẹni tí ó ní kòkòrò HIV ń gbé kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹni tí kò ní ìwé ilẹ̀, tàbí ilé tí ọmọbìnrin tí ó sá fún ọkọ rẹ̀ fara pamọ́ sí. Òfin ààbò ìwífún tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ti sọ púpọ̀ nípa èyí, pàápàá nípa gbígba àṣẹ lẹ́nu oníǹkan àti ìṣọ́ra lórí ọ̀rọ̀ àìsàn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kà láìgbàṣẹ nítorí pé “abúlé lásán ni,” kí ó jókòó sílé rẹ̀.

Ní ti irinṣẹ́, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. KoboToolbox, ohun èlò tí a fi ń ṣe fọ́ọ̀mù tí a sì fi ń gba ìdáhùn, ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kódà níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn á kàn fi ohun tí ó kọ ránṣẹ́ nígbà tí ó bá dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Excel tó fún ìṣirò tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ abúlé. Fóònù lè fi mítà bíi mélòó kan ṣìnà nípa ibi tí nǹkan wà, èyí kò ṣe nǹkan kan fún bọ́hòlù, ṣùgbọ́n kò tó láti fi yanjú ìjà ààlà ilẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi ti yín jẹ́rìí ní irú ìjà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí a pẹ́ sí ni ọ̀nà tí àkọsílẹ̀ ń gbà di owó. Ní ọdún 2010, májèlé òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọdé tí ó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara. Abúlé Bagega ló wà lẹ́yìn jù nínú àwọn tí wọ́n ń dúró de ìmọ́tótó ilẹ̀ wọn, owó tí ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí kò sì jáde. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá Follow the Money, ẹgbẹ́ tí ń tọpa owó ìjọba, sílẹ̀ ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń gbé ohùn àwọn ará Bagega sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń fi ìlérí wé ohun tí ó wà nílẹ̀, títí ìjọba fi tú mílíọ̀nù 850 náírà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. BudgIT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n ń tú ètò ìṣúná ìjọba sí ohun tí ará ọjà lè kà, nígbà tí ó sì di 2014 wọ́n bẹ̀rẹ̀ Tracka, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé ìwé iṣẹ́ àkànṣe lọ sí abúlé tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kí àwọn ará ibẹ̀ lè mọ̀ pé ìjọba ti kọ owó sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kò rí.

Agùnbánirọ̀ lè ṣe irú èyí láìní owó púpọ̀. Ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún. Ẹ wá orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ tẹ ojú ìwé náà jáde, ẹ ka èyí tó kàn wọ́n sétí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí àwọn fúnra wọn sì lọ wo ibi tí wọ́n ní wọ́n kọ́ nǹkan náà sí. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, òfin òmìnira ìwífún tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2011 fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè, ilé iṣẹ́ ìjọba sì ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ará ìlú wà lórí lẹ́tà náà, nítorí ọdún kan péré ni ẹ ó lò níbẹ̀, ìdáhùn sì lè dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.

Nítorí èyí kan náà ni mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá kọ̀wé sí mi pé kí ó wá ẹnì kan nílùú náà kí ó tó tẹ ohunkóhun sórí fóònù, yálà aránṣọ ni, tàbí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí ó fẹ́ràn ìṣirò, kí ó kọ́ ẹni náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì tí fọ́ọ̀mù wà lórí rẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí mo ti sìn, aránṣọ kan ni ó ń tọ́jú tiwa. Ó ti fi ìbéèrè mìíràn kún fọ́ọ̀mù náà tí èmi kò ronú kàn rí: ní ọjọ́ ọjà, ṣé ìlà gígùn máa ń wà nídìí bọ́hòlù yìí? Ohun tí ó ń bá mi sọ lórí WhatsApp báyìí ni bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yóò ṣe máa san owó dátà fóònù náà lóṣooṣù, kí ó má baà máa ti àpò ara rẹ̀ jáde.